Ta Ni Ó Rán Ọ Ní Iṣẹ́ Yìí?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí ó ti ju ọdún kan lọ tí a ti ń gbé e kiri, tí a kò sì mọ bí a ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ìtìjú ni ó dá wa dúró. Ẹni tí ó bá ti ń fi ìwé gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn fún ìgbà pípẹ́ kì í fẹ́ kí a mọ̀ pé òun pàápàá ti ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀, a pinnu láti kọ ọ́ bí ó ti rí, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ilé wa wà ní Ìjan-Èkìtì, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Adó wá. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, nítorí pé Èkó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń ṣòwò ní ọjà Adó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù May ọdún 2024 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ dé ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù October ọdún 2023 ní ìpínlẹ̀ 15 àti ní Àbújá. Ìpínlẹ̀ tiwa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ 21 tí ó kù. Àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 9 sí ọdún 14 ni a ṣe é fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń gún wọn. Olùkọ́ fi ìwé pélébé kan rán ọmọ náà sí wa pé kí a fọwọ́ sí i bí a bá fẹ́ kí wọ́n gún un.

A ti ń wá gègé tí a ó fi fọwọ́ sí i nígbà tí fóònù wa dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, tí a gbà sílẹ̀, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ó ní dókítà ni òun. Ó ní àwọn òyìnbó ni ó ṣe abẹ́rẹ́ náà láti sọ àwọn ọmọbìnrin wa di àgàn, kí ènìyàn dúdú má baà pọ̀ sí i mọ́. Ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé mìíràn wọlé lórí fóònù kan náà, láti ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan tí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó ní abẹ́rẹ́ náà dára, kí a jẹ́ kí ọmọ gbà á. Ti nọ́ọ̀sì gùn, ó sì kún fún orúkọ àrùn. Ti ọkùnrin nì rọrùn láti gbọ́, ó sì wọni lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ àgàn jẹ́ ní etí ìyá Yorùbá. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi dẹ́rù bà wá, kò sí èyí tí ó tó o. Àyà wa já. A ká ìwé olùkọ́, a fi í sí abẹ́ àwo. Lẹ́yìn èyí ni a ṣe ohun tí a kò ní gbàgbé títí ọjọ́ ikú wa: a fi ohùn ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ìyá tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, a sì kọ ọ̀rọ̀ tiwa sí i pé, “Ẹ gbọ́ ohun tí ó wọlé sí wa o. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín.” A sùn ní òru ọjọ́ náà bí ẹni tí ó ti ṣe rere fún ìlú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá kò jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn lọ sí ilé-ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wa, èyíinì ni ìyá ọmọ náà, wọ ọkọ̀ láti Adó, ó sì bá wa ní ìdí ààrò. Ó kúnlẹ̀ kí wa, kò sì tíì dìde tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Màmá, mo gbọ́ ohùn kan ní ọjà lónìí. Ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bi ẹni kẹta pé báwo ni ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni, ó ní, ‘Ìyá ọkọ rẹ tí ó wà ní Ìjan ni ó fi ránṣẹ́, àgbàlagbà tí kì í purọ́.’ Ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà ni, Màmá?”

A kò lè dá a lóhùn. A kò mọ ọkùnrin náà. A kò mọ ìlú rẹ̀, a kò mọ ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́, a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá dókítà ni ní tòótọ́. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí wa kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, nítorí pé a pè é lóru ọjọ́ náà, ó sì sọ fún wa pé láti ibòmíràn ni òun ti rí i. Ohùn tí kò ní olóhùn ni nígbà tí ó wọ ilé wa. Nígbà tí ó fi máa jáde, ó ti ní olóhùn, àwa sì ni.

Àwọn baba wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n nípa iṣẹ́ rírán wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Bí a bá fi àrokò rán ènìyàn sí ìlú mìíràn, ohun àkọ́kọ́ tí wọn ó bi í, kí wọ́n tó tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ni pé, “Ta ni ó rán ọ ní iṣẹ́ yìí?” Bí akéde bá lu agogo ní ìgboro, gbogbo ìlú mọ̀ pé ọba ni ó rán an, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ààfin tí wọn ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé agogo kí ó máa lù ú kiri nítorí pé ó wù ú. Lónìí, agogo wà ní ọwọ́ olúkúlùkù, a sì ń lù ú láti orí ibùsùn wa. A kò sọ èyí láti bú fóònù o. Fóònù ni a fi ń gbọ́ ohùn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, fóònù kan náà ni a sì fi ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ. Ṣùgbọ́n a ti jọ̀wọ́ ìbéèrè tí àwọn baba wa kì í jọ̀wọ́.

Ìyàwó wa kò bá wa jà. Ó kàn sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a lọ bi ẹni tí a mọ ilé rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wa dé ilé ìtọ́jú ìlera ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa, ìyàwó wa àti ọmọ náà.

Ní ojú ọ̀nà ni ọmọ náà di apá wa mú, tí ó sì fi ìka kan àpá róbótó tí ó wà ní èjìká wa, tí ó bèèrè pé kí ni ó ṣe ibẹ̀. Ó ti rí i tipẹ́, kò bèèrè rí. A sọ fún un pé àpá abẹ́rẹ́ olóde ni. A kò tíì tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí àwọn agúnni wá sí ìlú pẹ̀lú ohun kan bí ìbọn ní ọwọ́, tí wọ́n sì ń fi í gún àwọn ènìyàn ní apá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1967 ni iṣẹ́ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn mìíràn sá lọ sí oko wọn, wọ́n sì sun ibẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta, nítorí a ti gbọ́ pé ìbọn náà ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ fún òyìnbó. Bàbá wa náà ti di ẹrù. Ìyá wa ni kò gbà. Ó ti sin ọmọ méjì nítorí àrùn tí wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán nígbà náà, ó sì sọ fún bàbá wa pé bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n wá gba tòun ná. Ní oṣù May ọdún 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná náà mú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn tí ó kó o lára ẹlòmíràn ní àwùjọ ní gbogbo ayé, ọkùnrin alásè kan ní ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Sòmálíà, ó sì yè é. Ọmọ-ọmọ wa kò mọ ohun tí ìgbóná jẹ́. Ó bèèrè bóyá ó ń dun ni.

Nọ́ọ̀sì tí a bá kò fi wá rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ wa, ó sì ní kí a jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn náà. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn èyí ó sọ pé, “Màmá, ẹ̀rù tí ó bà yín kò burú. Ẹ bèèrè gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn yín.” Ìyàwó wa ni ó bèèrè jù. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń gún ọmọdé fún àrùn tí ń ṣe àgbà. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé kòkòrò tí ń fa jẹjẹrẹ náà ń ti ara ọkùnrin dé ara obìnrin nígbà tí wọ́n bá mọ ara wọn, ó sì lè wà ní ara fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Nítorí náà kí kòkòrò náà tó wọlé ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ní lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọmú, kò sí jẹjẹrẹ tí ń pa obìnrin ilẹ̀ wa tó o. Ó bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá a mọ ìyá kan tí àrùn náà pa. A mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa ni.

Ìyàwó wa wá bèèrè ohun tí a wá ṣe: ṣé kò ní sọ ọmọ òun di àgàn? Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé àwọn òyìnbó ṣe é fún ìparun ìran dúdú, ọmọ tiwọn ni wọn kì bá tí kọ́kọ́ gún. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ náà sì ti dàgbà, wọ́n ti ń bímọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka iye wọn ní ọdún 2021, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí a gún ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó sọ èyí tí abẹ́rẹ́ náà lè ṣe pẹ̀lú: apá lè dun ọmọ, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, òòyì lè kọ́ ọmọ mìíràn tí ẹ̀rù bá ń bà, nítorí náà ìjókòó ni wọn ó fi gún un, yóò sì dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ ilé. Nígbà tí ìyàwó wa bi í ní ohun kan tí kò dá a lójú, kò parọ́. Ó ní, “Èmi yóò pe ọ̀gá mi ní Adó lórí èyí.” Ó pè é lójú wa.

Nígbà tí a dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọkùnrin inú fóònù kò lè sọ. Ó ní, “Bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ náà lóru, ẹ mọ ilé mi, ẹ wá kan ilẹ̀kùn.”

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ni ó rí báyìí. A ti wà ní ilé ìtọ́jú kan rí, a kò ní sọ ìlú tí ó wà, tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bèèrè ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo ènìyàn pé ta ni ó kọ́ ọ ní ìwé ìṣègùn. Ọmọbìnrin náà dákẹ́. Ẹ kò rí i pé yóò lọ bèèrè ní ibi tí wọn kì í ti í jágbe mọ́ ni? Fóònù kì í bú ènìyàn. Ó ń dáhùn ní ọ̀gànjọ́, kì í sì í bèèrè ìdí tí o kò fi wá ní oṣù tí ó kọjá. Ìdajì nínú agbára ahesọ, ọwọ́ àwa àgbà àti àwọn olùtọ́jú ni ó ti gbà á.

Wọ́n gún ọmọ náà. Apá dùn ún títí di alẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó sì bèèrè àfikún. A kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé ohun tí a fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́, pé àwa ni a ṣì ṣe, a sì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Àwọn díẹ̀ dáhùn. Èyí àkọ́kọ́ ti dé Adó kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí ìkejì kò tilẹ̀ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀rù yá ju ẹsẹ̀ àforíjì lọ.

Ibi tí a rò pé ọ̀rọ̀ parí sí nìyí, ṣùgbọ́n kò parí. Aládùúgbò wa kan ní ọmọkùnrin kan tí ó kù díẹ̀ kí ó pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni a ń gún ọmọ fún èéyi nígbà àkọ́kọ́, a ó sì tún un gún ní oṣù 15. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin kò kàn án, àní ọmọ rẹ̀ kì í ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n ohùn tí a fi ránṣẹ́ mú kí gbogbo abẹ́rẹ́ bà á lẹ́rù. Nígbà tí ó sọ èyí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, onítọ̀hún tún fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí i pé abẹ́rẹ́ èéyi ń sọ ọmọ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kì í wo ojú ènìyàn. Kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó fi káàdì àjẹsára ọmọ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, kò sì gbé ọmọ lọ mọ́.

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, èéyi wọ àdúgbò. Ó mú ọmọ náà. A gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá wa, a sì sáré lọ. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè mu ọmú. A jọ gbé e lọ sí Adó ní òru lórí ọkọ̀ ọmọ kan ní àdúgbò, ó sì lo ọjọ́ púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ òsì ti fún, ó ti di funfun ní àárín, àwọn oníṣègùn ojú sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ní ibùsùn ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, láti ìgbà tí ó gbọ́ ohùn náà títí dé àpótí aṣọ. Kò mọ̀ pé a ń gbọ́ ẹjọ́ ara wa. Nígbà tí a sọ fún un pé àwa ni a kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́, ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà kò mọ̀.” Bí ó bá bú wa ni, ìbá sàn.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wá orísun àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, bí ẹni tí ń tọ ipasẹ̀ olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì tí ó wà ní ọ̀nà Adó ni ó ń bá wa kà á. Èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ èéyi ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ní baba, a sì mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà ará Ìlú Ọba kan ni, Andrew Wakefield, tí ó kọ̀wé ní ọdún 1998 nípa ọmọ 12 péré nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ohun tí ó kọ kò bá ìwé ìtọ́jú àwọn ọmọ náà mu, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò tí ó fẹ́ pe àwọn tí ó ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 2010 ìwé ìròyìn náà fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Ní ilẹ̀ Denmark, àwọn onímọ̀ wo ọmọ 657,461, wọ́n sì sọ ní ọdún 2019 pé àrùn náà kò pọ̀ sí i lára àwọn tí a gún ju àwọn tí a kò gún lọ. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ ilé aládùúgbò wa ní Ìjan, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé wọ́n ti fà á yọ.

Èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ ń sọni di àgàn ti pẹ́ ní Nàìjíríà, òun ni ó sì jẹ́ kí a dẹ́kun fífi àwọn tí ó gbà á gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan tí a ń pè ní Trovan wò. Wọ́n fún ọmọ 100 ní tuntun, wọ́n fún 100 mìíràn ní èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó bá ìjọba Kánò parí ẹjọ́ pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là. Oògùn ni Trovan, kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kì í ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan dìde ní ọdún 2003 pé wọ́n ti fi ohun tí ń dènà ọmọ bíbí sínú oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ti rọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà láti hù. Kánò, Kàdúná àti Zamfara dá oògùn náà dúró. Kánò kò tún bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2004, nígbà tí wọ́n rí oògùn gbà láti Indonesia tí ọkàn wọn balẹ̀ sí. Láàárín ìgbà náà àrùn ti gbéra láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí orílẹ̀-èdè bí 20, títí ó fi dé Indonesia náà. Àwọn ọmọ tí ó rọ nígbà náà ti di géńdé báyìí, a sì ń rí irú wọn ní ìkóríta ọ̀nà tí wọ́n ń fi ọwọ́ rìn. Ọjọ́ 25 oṣù August ọdún 2020 ni a tó kéde pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti ìgbẹ́ ti tán ní Áfíríkà.

Òótọ́ díẹ̀ tún wà tí àwọn oníahesọ máa ń dì mú, kò sì yẹ kí a sá fún un. Kòkòrò àrùn tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ní ibi tí ọmọ púpọ̀ kò bá gbà á, kòkòrò náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara èkejì títí yóò fi tún lágbára. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nọ́ọ̀sì wa ni ó sọ èyí fún wa láìjẹ́ pé a bi í. Ó ní ohun tí ń dá a dúró ni pé kí gbogbo ọmọ gbà á, àti pé abẹ́rẹ́ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí a ń gún wọn pẹ̀lú, òkú kòkòrò ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ èyí tí ó ṣòro láti sọ fún wa, ó rọrùn fún wa láti gba ìyókù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù October ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn ọmọ fún èéyi àti rubella pọ̀, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún 14. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Obìnrin ni olóhùn ti ìsinsìnyí, ẹkún sì wà nínú ohùn rẹ̀. Aládùúgbò wa ni ó gbé e wá, ó kó ọmọ náà sí ẹ̀yìn, ó sì na fóònù sí wa.

“Ìyá Àgbà, ẹ bá mi wò ó. Ta ni ó sọ èyí?”

A wo òkè, a wo ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí ọjọ́. Ó gba fóònù rẹ̀, ó pa ohùn náà rẹ́, a sì jọ gba ọ̀nà ilé ìtọ́jú lọ, nítorí pé ìbéèrè tirẹ̀ wà tí kò sí nínú ohùn kankan: ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣì ń gba oògùn, ṣé ó lè gba abẹ́rẹ́ náà? Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà, ó wo káàdì rẹ̀ tí ó ti ká sí méjì nínú àpótí aṣọ. Ó ní lójú tòun ó lè gbà á, ṣùgbọ́n òun fẹ́ bi dókítà ojú ní Adó kí òun tó fi ọwọ́ kàn án, kí a padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì fi orúkọ ti ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.